Ara Ọjà Ilé Yá, Ara Ayálégbé Ò Yá

Láti ọdún 2009 títí di 2014, àpò búlúù kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Peckham, ní apá gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Inú ẹ̀ ni wọ́n ń kó ìwé gbogbo ilé tí wọ́n fẹ́ rà tí wọn ò rí rà sí: àwòrán ilé lórí pépà dídán tí àwọn ejẹ́ńtì máa ń fún èèyàn, lẹ́tà báǹkì, rìsíìtì lọ́yà, àti ìwé àjọ kan tí màá ṣì dé orí ẹ̀. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, wọ́n gbé àpò yẹn lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Kọ gbogbo ẹ̀, àbúrò mi. Orúkọ wa nìkan ni kó o fò." Nítorí náà, Ìyá Ìbejì àti Bàbá Ìbejì ni màá máa pè wọ́n, bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Nọ́ọ̀sì ni Ìyá Ìbejì ní ilé ìwòsàn ìjọba. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni ọkọ wọn, bọ́ọ̀sì pupa Lọ́ńdọ̀nù yẹn gan-an. Ọdún 2008 ni wọ́n bí àwọn ọmọ. Fúláàtì oníyàrá méjì ni wọ́n ń háyà lókè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta iṣu àti ẹja gbígbẹ, nítòsí Rye Lane, £950 lóṣù. Ẹni tó bá mọ Peckham mọ irú àdúgbò tí mò ń sọ. Láàárín ìdajì wákàtí, o lè ra ewédú, kó o gbé aṣọ fún télọ̀, kó o sì pàdé ẹni tí ẹ jọ kàwé ní Ìbàdàn. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi fẹ́ kúrò níbẹ̀, ó sì wà lára ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà le.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2007 ni àwọn èèyàn tò síwájú báǹkì Northern Rock káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti gba owó wọn jáde. Irú ẹ̀ ò tíì ṣẹlẹ̀ sí báǹkì níbẹ̀ láti ọdún 1866. Báǹkì yìí kan náà ti ń yá àwọn kan ní owó tó ju iye ilé tí wọ́n fẹ́ rà lọ, tó fi ń dé ìdá 125 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí èyí dá sílẹ̀, gbogbo báǹkì yòókù káwọ́ kò. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Nationwide, ilé iṣẹ́ kan tó ń yáni lówó ra ilé, iye ilé kan ní ìpíndọ́gba tó ti wà ní nǹkan bí £186,000 nínú oṣù kẹwàá 2007 ti já wá sí nǹkan bí £147,700 nígbà tó fi máa di oṣù kejì 2009. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, báǹkì àpapọ̀ wọn gé èlé wá sí 0.5%. Láti 1694 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ títí di ìgbà yẹn, èlé ò wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ìwé ìròyìn ń pariwo pé àsìkò ẹni tó fẹ́ ra ilé àkọ́kọ́ ló dé yìí. Ẹ̀gbọ́n mi gé ọ̀kan nínú ìwé ìròyìn yẹn. Ó ṣì wà nínú àpò náà, ó ti pọ́n.

Nínú oṣù karùn-ún 2009, wọ́n rí fúláàtì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Queens Road, ọ̀kan lára ilé tí káńsù kọ́ láyé àtijọ́ tí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ti rà. Yàrá méjì, bákónì kékeré, £165,000. Ọdún méjì ṣáájú, irú ẹ̀ ti lé ní £200,000. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe, ìyẹn ni mo fi bá wọn lọ sí báǹkì. Ọmọkùnrin tó dá wa lóhùn níwà, ó tiẹ̀ fún àwọn ìbejì ní bisikíìtì. Ó wo owó oṣù tọkọtaya, ó ní ó dáa. Ó wo àkọsílẹ̀ gbèsè wọn, ó ní kò sí àbààwọ́n. Ó wá béèrè iye tí wọ́n ní nílẹ̀. £14,000 ni. Ó yí kọ̀ǹpútà ẹ̀ sí wa ká lè fojú ara wa rí i: owó àsansílẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. £41,250. Kí ọjà tó wó, ìdá márùn-ún péré làwọn báǹkì ń béèrè, ìyẹn £8,250, owó tó wà lọ́wọ́ wọn ì bá sì ti tó, kó tún ṣẹ́ kù.

Ẹ̀gbọ́n mi ò fọhùn títí a fi jáde sójú títì. Wọ́n wá ní, "Ṣebí wọ́n ní ilé ti dínwó?"

Ohun tí mo rí lọ́jọ́ yẹn ni mo fi ń wo ọ̀rọ̀ ilé ní Ìlú Ọba títí dòní. Owó ilé kì í ṣàdédé já. Ohun tó já a náà ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí kò lówó rẹpẹtẹ nílẹ̀. Báǹkì ò yáni lówó mọ́, olùrà wá dín kù, ilé wá dínwó. Ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀. Ẹni tí ilé dínwó fún ni ẹni tí kò nílò báǹkì rárá. Owó pọ́n-ùn pàápàá ti rẹ̀ nígbà yẹn, láti bíi dọ́là méjì sí pọ́n-ùn kan ní 2007 wá sí nǹkan bí dọ́là kan àti ogójì sẹ́ǹtì ní ìbẹ̀rẹ̀ 2009, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń kówó bọ̀ láti òkè òkun ń rí ẹ̀dínwó lórí ẹ̀dínwó. Fúláàtì Queens Road yẹn, ẹni tó rà á san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì fi háyà.

Àwọn kan nínú ẹbí dá wọn lẹ́bi. Wọ́n ní owó Ìbàdàn ló bà á jẹ́. Òótọ́ ni pé láti 2006 ni Bàbá Ìbejì ti ń fowó ránṣẹ́ láti parí ilé tí bàbá wọn fi ìpìlẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀ ní Apẹ̀tẹ̀, owó náà sì ti lé ní £20,000. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ẹ̀ wò: £20,000 pẹ̀lú £14,000, a ò tíì dé £41,250. Ilé làbọ̀ ìsinmi oko. Bàbá tó ti dàgbà ń gbé inú yàrá tí òjò ń jò sí, ọmọ wà ní Ìlú Ọba, ẹ ní kí ó dúró de ìgbà tí báǹkì Lọ́ńdọ̀nù bá yọ́nú? Èmi ò bá wọn dá a lẹ́bi.

Láti 2009 títí di òpin 2012 kò sí ìtàn púpọ̀. Wọ́n ń fi owó pamọ́, wọ́n ń dá àjọ, àwọn ọmọ ń dàgbà, owó ilé tí wọ́n ń san fún onílé ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹlẹ̀ léra léra. Nínú oṣù kejìlá 2012, ọkọ̀ ojú irin Overground bẹ̀rẹ̀ sí í gba Peckham Rye kọjá, àwọn èèyàn tí kì í fẹ́ dé àdúgbò náà tẹ́lẹ̀ wá rí i pé ó sún mọ́ ibi gbogbo. Ìjọba àti báǹkì àpapọ̀ ti ń fún àwọn báǹkì lówó olówó pọ́ọ́kú láti àárín 2012 kí wọ́n lè máa yáni. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹta 2013, George Osborne tó jẹ́ mínísítà ìṣúná kéde ètò Help to Buy, tí ìjọba fi ń ran ẹni tó fẹ́ ra ilé lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún 2014, iye tí Nationwide ń kà ti ré kọjá ti 2007, ó ti di £186,512. Ìròyìn gbòde kan pé ara ọjà ilé ti yá.

Èdè yẹn dùn mí. À ń sọ̀rọ̀ owó ilé bí ẹni ń sọ̀rọ̀ aláìsàn tó dìde lórí ibùsùn, bí ẹni pé ìgbà tí owó ẹ̀ wálẹ̀ gan-an ni ara ẹ̀ ò dá. Ti ta ni ara ẹ̀ yá? Ní Northern Ireland, níbi tí iye ilé ti wálẹ̀ ju ìdajì lọ, ẹni tó ra ilé ní 2007 ṣì jẹ báǹkì ní gbèsè tó ju ilé náà lọ nígbà yẹn. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ayálégbé ló ń san owó ara yíyá náà. Onílé Ìyá Ìbejì sọ £950 di £1,250.

Mo fẹ́ sọ ti ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kejì 2014, nítorí kò kúrò lójú mi. Fúláàtì oníyàrá méjì, kò jìnnà sí èyí tí a wò ní 2009, £240,000 ni wọ́n kọ sára ẹ̀. Wákàtí kan péré ni ejẹ́ńtì ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Nígbà tí a dé, ìlà ti wà lórí àtẹ̀gùn dé àjà kejì. Mo ka èèyàn mẹ́tàlélógún. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fún wa ní ọ̀rá búlúù ká fà á bọ bàtà kí kápẹ́ẹ̀tì má bàa dọ̀tí. Ọkùnrin kan ti ń fi tépù wọn ògiri bí ẹni tí ilé ti jẹ́ tiẹ̀. Bàbá àti ìyá kan mú ọmọbìnrin wọn wá. Àwọn ni wọ́n fẹ́ rà á fún un. Ìyá Ìbejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ òru dé ni, aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lábẹ́ kóòtù wọn. Wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi ní kíṣìnì, wọ́n jẹ́ kó ṣàn díẹ̀. Wọ́n wá lọ sábẹ́ fèrèsé, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ara ògiri bí wọ́n ṣe ń wo ọmọ tí ibà ń ṣe. Wọ́n ń wò ó bóyá ó tutù, bóyá omi ń wọ inú ẹ̀. Kò tutù. Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ejẹ́ńtì ní kí olúkúlùkù kọ iye tó lè san tó pọ̀ jù lọ sínú ìwé, kó lẹ ẹ́, kó sì dé ọ́fíìsì wọn kí aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Tuesday tó lù. Ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ mọ ti ẹnì kejì. Wọ́n kọ £247,000. Wọn ò rí i gbà. Iye tí ilé bá lọ kì í ṣe àṣírí ní Ìlú Ọba, ẹni tó bá fẹ́ lè wò ó nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ tó bá yá. £271,000 ni wọ́n tà á.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ẹni tó ní fúláàtì kan ní New Cross gbà láti tà á fún wọn ní £250,000. Ẹ kíyè sí iye yẹn. Bí òfin owó orí ilé, stamp duty, ṣe wà títí di òpin ọjọ́ kẹta oṣù kejìlá 2014, ẹni tó ra ilé ní £250,000 san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn £2,500. Tó bá fi pọ́n-ùn kan péré lé e, ìdá mẹ́ta ni, lórí gbogbo owó náà pátá: ó ti lé ní £7,500 nìyẹn. Tọkọtaya náà ò lè fi kọ́bọ̀ kan lé £250,000. Wọ́n san £450 fún ẹni tó yẹ ilé wò, wọ́n san fún lọ́yà, wọ́n san fún ìwé ìwádìí lọ́dọ̀ káńsù. Lọ́sẹ̀ kẹfà, ẹni tó fẹ́ tà á fi ejẹ́ńtì ránṣẹ́ pé ẹlòmíì ti mú £268,000 wá, lówó gbọn-in. Ó tán. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, "mo ti gbà" kò ì í ṣe àdéhùn lójú òfin. Títí di ọjọ́ tí àwọn lọ́yà méjèèjì bá pààrọ̀ ìwé, olówó gọbọi lè wọlé kó gbé e lọ. £1,130 ló bá a rìn, rìsíìtì ẹ̀ ló wà níwájú mi yìí. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n gba kọ́bọ̀ padà.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, obìnrin Ìjẹ̀bú kan tó ń gbé ilé káńsù lódìkejì títì sè fún wa. Láti 1991 ló ti ń háyà lọ́wọ́ káńsù. Ìjọba ti fi kún ẹ̀dínwó tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ ń rí gbà tí wọ́n bá fẹ́ ra ilé tí wọ́n ń gbé, láti oṣù kẹta 2013 ó ti lè dé £100,000 ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà yẹn. Ó ti ra tiẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bá a jẹ, wọ́n bá a jó, kò sí ìlara ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń padà bọ̀, Bàbá Ìbejì dúró lójú ọ̀nà. Wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, jẹ́ ká lọ síbi tówó wa bá dé."

Ibi tí owó wọn dé ni Dartford, ní Kent, lẹ́yìn òde Lọ́ńdọ̀nù. Ilé tuntun, yàrá méjì, àgbàlá kékeré lẹ́yìn, £230,000. Ètò Help to Buy ni wọ́n fi rà á. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí kó tó kógbá sílé ní 2023: olùrà mú ìdá márùn-ún wá, £11,500, ìjọba yá a ní ìdá ogún, £46,000, kò san èlé lórí ẹ̀ fún ọdún márùn-ún, báǹkì yá a ní ìdá 75 tó kù, £172,500. Ilé tuntun nìkan ni, kò gbọ́dọ̀ lé ní £600,000, olùrà ò sì gbọ́dọ̀ ní ilé mìíràn. Lọ́yà béèrè èyí lójú méjèèjì: ṣé ẹ ò nílé níbòmíì, títí kan òkè òkun? Bàbá Ìbejì ṣàlàyé ti Apẹ̀tẹ̀. Orúkọ bàbá wọn ló wà lórí ìwé ilẹ̀, owó ni wọ́n kàn fi ń ran bàbá lọ́wọ́. A kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, lọ́yà gbà á.

Ti báǹkì le ju ìyẹn lọ. Òfin tuntun ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin 2014 pé kí wọ́n yẹ ìnáwó ẹni tó fẹ́ yáwó wò fínnífínní, bóyá yóò lè san án tí èlé bá gòkè. Ìjókòó náà lé ní wákàtí méjì. Wọ́n béèrè owó ìwé àwọn ọmọ, owó tẹlifóònù, owó oúnjẹ. Wọ́n wá rí £150 tó ń jáde lóṣooṣù lọ sí Nàìjíríà. Obìnrin tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ béèrè bóyá wọ́n lè dá ìyẹn dúró. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ìyá mi ni." Obìnrin náà tún un béèrè. Wọ́n tún un dáhùn bẹ́ẹ̀. Ó kọ ọ́ sí abẹ́ ìnáwó tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nínú ọkàn mi.

Àjọ ló fẹ́ dá gbogbo ẹ̀ rú. Èèyàn mẹ́wàá, £500 lóṣù, ẹni tó bá kàn kó £5,000. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ìyá Ìbejì ti kó o láti 2012. Lọ́yà rí £5,000 tó wọlé lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ó ní níbo ló ti wá? Òfin ló ní kó béèrè, nítorí àwọn tó ń fi owó jìbìtì ra ilé. A gbé ìwé àjọ lọ fún un, ìwé ilé ẹ̀kọ́ olójú ìlà lásán: orúkọ mẹ́wàá, àmì ní iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, òróró ti kán sí ojú ewé kẹta. Kò gbà á. Lójú tiwa, kò sí owó tó mọ́ jù ú lọ, gbogbo wa la mọ ẹni tó kó o àti oṣù tó kó o. Lójú tiẹ̀, owó tí kò ní ìyá ni. Ohun tó yọ wá ni pé ẹ̀gbọ́n mi kì í dá tiwọn lówó gbọn-in. Láti àkáǹtì wọn ló ti ń lọ sínú ti ìyá alájọ lọ́jọ́ kìíní gbogbo oṣù, láti ti ìyá alájọ náà ló sì ti padà wá. A tẹ̀ ẹ́ jáde, oṣù ogún, mo fi báírò pupa sàmì sí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyá alájọ kọ lẹ́tà tì í. Ó parí. Mo mọ ẹni mìíràn nínú àjọ yẹn tó ń dá tiẹ̀ lówó gbọn-in, tí lọ́yà sì ní kó lọ wá owó mìíràn.

Nínú oṣù kẹsàn-án 2014 wọ́n gba kọ́kọ́rọ́. Owó tó ṣẹ́ kù, ọkọ̀ àlòkù ni wọ́n fi rà. Bàbá Ìbejì máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní aago mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀ nígbà mìíràn, ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ láti Dartford ò sì tíì gbéra nígbà yẹn. Ìyá Ìbejì ń fi ju wákàtí kan lọ dé ibi iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi ogún ìṣẹ́jú dé tẹ́lẹ̀. Fún ọdún àkọ́kọ́, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń padà lọ sí Rye Lane lọ ra nǹkan ọbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ejẹ́ńtì ò tẹnu mọ́. Owó tí ìjọba yá wọn kì í ṣe £46,000 tó dúró lójú kan. Ìdá ogún iye ilé náà ni, lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ san án. Bí ilé bá gbówó lórí, gbèsè gbówó lórí. Ní 2019 tí ọdún márùn-ún pé, tí owó ìdá 1.75 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹni tó wá díye lé ilé náà ní £290,000 ni. Ìdá ogún ẹ̀ jẹ́ £58,000. £12,000 ti gorí gbèsè láìsí pé wọ́n yá kọ́bọ̀ kún un. Síbẹ̀ mi ò ní sọ pé kí wọ́n má ṣe é. Lọ́dún márùn-ún yẹn, onílé ì bá ti gba £75,000 lọ́wọ́ wọn lórí £1,250 lóṣù. Wọ́n fi owó tí wọ́n ní nílẹ̀ kún un, wọ́n yá £200,000 lọ́dọ̀ báǹkì mìíràn, wọ́n san tìjọba kúrò. £850 ló ń jáde lóṣù, èlé ìdá méjì fún ọdún márùn-ún.

Ọdún márùn-ún yẹn parí nínú oṣù kẹsàn-án 2024, èlé ti gòkè ní gbogbo ìlú. Ìdá mẹ́rin ààbọ̀ ni wọ́n rí gbà. £1,060 ni lóṣù báyìí. Ìyá Ìbejì ti padà sínú àjọ nítorí ẹ̀, àwọn ló kàn lóṣù tó ń bọ̀, báǹkì sì ni gbogbo ẹ̀ ń gbà kọjá.